Bí wọ́n ṣe ń fi ráútà gbẹ́ ojú àpótí wúfà ọkọ̀

Bí ẹnì kan bá gbé wúfà, ìyẹn sípíkà tó ń gbé bàásì jáde, lé orí tábìlì lásán, tó so wáyà mọ́ ọn, tó sì ṣí orin, pépà iwájú rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, àmọ́ bàásì tí wọ́n ń retí ò ní jáde. Kì í ṣe pé wúfà náà bàjẹ́. Bí pépà ṣe ń ti afẹ́fẹ́ níwájú ló ń fà á lẹ́yìn, òdìkejì ara wọn sì ni ìró méjèèjì. Wọ́n á yí etí wúfà pàdé, wọ́n á pa ara wọn. Ìgbì ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó nǹkan bíi mítà 7. Kí ló fẹ́ ṣòro fún un láti yí etí ohun tí kò ju íǹṣì 12 lọ? Ojú àpótí, ìyẹn pákó tí wọ́n ń de wúfà mọ́, ni ògiri tó pín wọn níyà.

MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, tó nípọn tó mìlímítà 18 ni wọ́n sábà máa ń lò. Kò ní ìṣàn bíi igi gidi, ó wúwo, kì í sì í tètè bá orin gbọ̀n. Fún wúfà alágbára, méjì ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ kí ó di 36. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ní Ìkòròdú, tí ọ̀sà wà nítòsí, tí rọ́bà búùtù ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ sì ti gbó, MDF tí wọn ò kun etí rẹ̀ á wú bíi búrẹ́dì inú tíì.

Orúkọ “íǹṣì 12” kì í ṣe ìwọ̀n ihò. Wúfà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n: ìbú etí rẹ̀ tó jókòó sórí pákó, àti ìbú ara irin tó wọ inú àpótí. Ká ní ara irin jẹ́ mìlímítà 280, ihò 282 á gbà á.

Ayùn oníná lè gé ihò tó máa gba wúfà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí etí wúfà rì sínú pákó, kí ojú àwọn méjèèjì tẹ́jú, ráútà ni wọ́n ń lò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí irin mímú kan tí wọ́n ń pè ní bíìtì láti fi gbẹ́ pákó. Wọ́n á de ráútà mọ́ apá pílááwùdù kan, wọ́n á gbá ìṣó kan sí ìdí apá náà, ìṣó yẹn á wọ àárín ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ihò sí, ráútà á sì máa yí i ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ìdajì 282 ni 141, ṣùgbọ́n láti ìṣó dé etí bíìtì tó jìnnà sí ìṣó ni wọ́n ń wọn 141, kì í ṣe etí tó sún mọ́ ọn. Bí bíìtì bá jẹ́ mìlímítà 6, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n dé etí tó sún mọ́ ìṣó, ihò á di 294, sukúrúù ò sì ní rí pákó tó pọ̀ tó láti bù jẹ.

Ìjókòó etí wúfà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́, kí ihò tó já. Ẹni tó bá kọ́kọ́ já ihò ti pàdánù àárín: pákó róbótó náà á jábọ́ pẹ̀lú ojú ìṣó, ráútà ò sì ní rí ibi fẹ̀yìn tì mọ́. Ìjókòó yìí gbọ́dọ̀ jìn tó sísanra etí wúfà pẹ̀lú fóòmù tó máa wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sún apá ráútà wọlé, wọ́n á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mìlímítà 6 lẹ́ẹ̀kan. Fífi agbára já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń jó bíìtì. Wọ́n á ti lẹ pákó róbótó náà mọ́ pákó àlòkù kan lábẹ́, kí ó má baà fò mọ́ bíìtì nígbà tó bá já.

Bó bá jẹ́ pé pákó méjì ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ pọ̀, èkejì ò nílò ìṣó. Ayùn ni wọ́n fi ń gé ihò rẹ̀, kí ó kéré díẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn èkíní, wọ́n á fún un pọ̀ títí yóò fi gan. Bíìtì tó ní bíárìn, ìyẹn irin róbótó kékeré tó ń yí, lẹ́nu á wá máa tọ etí ihò àkọ́kọ́ lọ, á gé èyí tó yọ sókè dànù. Bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni wọ́n ń ti ráútà nínú ihò.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Iléeṣẹ́ mànàmáná Egbin, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, wà lẹ́bàá Ìkòròdú kan náà, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń gbọ́kàn lé. Ráútà ńlá lè gba wáàtì 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. “I pass my neighbour” ò lè gbé e. Lẹ́búlẹ́bú MDF sì kúnná, formaldehyde wà nínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é, nítorí náà aṣọ tí wọ́n kàn fi dì mọ́ imú ò tó. Ìbomú gidi ni.

Kí wọ́n tó de wúfà, wọ́n á gé igun etí ẹ̀yìn ihò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọ́nà kọjá, àfi ibi tí sukúrúù máa wọ̀. Wọ́n á lu ihò kékeré fún sukúrúù kọ̀ọ̀kan, torí MDF máa ń là. Bí wọ́n ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà ni wọ́n ń de é: ọ̀kan níbí, èkejì ní ọ̀kánkán rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á ṣí orin tí bàásì rẹ̀ rinlẹ̀, wọ́n á fi omi pa àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á sì máa rà á yí etí wúfà ká. Ibi tí atẹ́gùn tútù bá ti fẹ́ lù ú ni àpótí ti ń jò.