Ibi Tí Ásíìdì Ń Gbà Lẹ́yìn Tó Bá Kọjá Síǹkì

Ọ̀rá, irun àti ìdọ̀tí ló sábà ń dí páìpù. Àwọn èèyàn máa ń da kẹ́míkà sí síǹkì láti la páìpù bẹ́ẹ̀. Ásíìdì sọ́fúríìkì, tí ó ju ìdá 90 nínú 100 lọ nínú àwọn ìgò kẹ́míkà kan, máa ń jó irun àti bébà títí wọn á fi yọ́. Kọ́sítíìkì sódà ní tirẹ̀ máa ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ, ọṣẹ yẹn á sì bá omi lọ. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń dúró síbi tí wọ́n dà á sí.

Ooru ni wàhálà àkọ́kọ́. Bí sọ́fúríìkì bá pàdé omi, gbígbóná tó ń gbóná kì í ṣe kékeré. Bí omi díẹ̀ bá bọ́ sórí ásíìdì púpọ̀, omi náà á hó lójijì, á sì ta ásíìdì sójú ẹni tó dà á. Nítorí náà, ásíìdì ni à ń rọra dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì. Páìpù oníke PVC kò gba ooru tó ju nǹkan bí 60°C lọ. Ó máa ń rọ̀, oríkèé rẹ̀ á sì máa jò. Bí páìpù bá dí pátápátá ló burú jù, torí ásíìdì náà á lúgọ síbẹ̀, á máa dúró de púlọ́ńbà tó fẹ́ tú u. Ẹni tó bá ti da nǹkan sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un.

Ẹ wo kọ́rọ́ páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ síǹkì. Omi máa ń dúró níbẹ̀ kí òórùn má baà gòkè wálé. Bí ásíìdì kò bá ṣiṣẹ́, tí ẹnì kan wá da bílíìṣì lé e lẹ́yìn wákàtí kan, ibẹ̀ gan-an ni méjèèjì ti máa pàdé, gáàsì kúlórínì á sì jáde. Gáàsì yìí ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Bílíìṣì àti amóníà, kẹ́míkà olóòórùn líle tó wà nínú àwọn oògùn ìfọgíláàsì kan, pẹ̀lú kì í bára wọn gbé. Gáàsì olóró mìíràn ni wọ́n ń mú wá.

Ohun tó bá kọjá kọ́rọ́ yẹn, inú táǹkì sókàwéè ló ń lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ìdọ̀tí níbẹ̀, ara wọn sì ń dá ṣáká bí pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bá wà láàárín 6 sí 8. Ká sòótọ́, ife kan nínú táǹkì ńlá kò ní pa wọ́n run, omi púpọ̀ á dín agbára rẹ̀ kù. Àwọn tó ń da odidi ìgò sí i léraléra ni wọ́n ń ba tiwọn jẹ́. Bí kòkòrò bá kú, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ á kún, á sì tẹ̀lé omi jáde lọ dí ilẹ̀ tó yẹ kó mu ún. Títún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe le ju ríra rọ́bà ìfapáìpù (plọ́ńjà) lọ fíìfíì.

Ásíìdì tó bá kan ẹrẹ̀ yẹn tún lè tú gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bàjẹ́ sílẹ̀. Bó bá pọ̀, imú ò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki orí bọ inú táǹkì. Ògiri kọnkéré náà kò mórí bọ́, torí ásíìdì ń jẹ sìmẹ́ńtì.

Rọ́bà ìfapáìpù, wáyà gígùn, tàbí títú kọ́rọ́ náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló yẹ ká kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí ásíìdì bá ta sára, ká bọ́ aṣọ, ká fi omi tó ń ṣàn ṣan ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, a kì í mú kó bì, ilé ìwòsàn ni ká gbé e lọ kíá. Èyí tó bá ṣẹ́kù, inú ìgò rẹ̀ ni kó wà, kì í ṣe inú ìgò omi mímu.