Nọ́ńbà Ara Ìbọn Kì í Ṣe Ọjọ́ Ìbí Ẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Texas fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní Sátidé kan, ìbọn ìléwọ́ Luger, èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lọ́wọ́ ọ̀gá ṣọ́jà Jámánì nínú gbogbo fíìmù ogun àgbáyé. Ó ní òun ti sanwó, ẹni tó tà á fún òun sọ pé ọdún 1942 ni wọ́n ṣe é, ṣé mi ò rí "42" tí wọ́n lù mọ́ ọn lẹ́yìn ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fọ́tò yẹn mọ́ra, ẹ wo òkè ibi tí ọta ń wọ̀ sí, kí lẹ rí níbẹ̀? Ó ní "1940." Mo ní ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bí i ni? Ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó wá ní "Ìwọ ọmọ yìí, o tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ibi tí ìgbàgbọ́ pé nọ́ńbà ara ìbọn ló ń sọ ọdún ẹ̀ ti wá ò ṣòro mọ̀ fún àwa. Ta ni ò tíì ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí, tàbí kó sin ẹni tó fẹ́ rà á lọ? A mọ̀ pé téèyàn bá ti ka sásí nọ́ńbà dé orí ìkẹwàá, ọdún mọ́tò yẹn ti jáde, dílà ò lè parọ́ mọ́. Àwọn èèyàn wá rò pé ìbọn náà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ka nọ́ńbà ara ẹ̀, wọ́n á ní tó bá kéré ó ti pẹ́, tó bá pọ̀ kò tíì pẹ́. Àmọ́ mọ́tò lófin tó to nọ́ńbà ẹ̀ báyẹn, láti 1981 ni Amẹ́ríkà ti ní kó jẹ́ mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Ìbọn ò nírú ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà kan náà, òfin 1968 ló sọ ọ́ di dandan pé gbogbo ìbọn tí ilé iṣẹ́ bá ṣe gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, kò sì sọ pé kí ọdún wà nínú ẹ̀. Ní ti àwọn ìbọn àtijọ́ tá à ń sọ yìí, kálukú ń ka tiẹ̀ bó ṣe wù ú ni.

Luger yìí gan-an ló máa ń da èèyàn láàmú jù. Ọdún 1908 làwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Jámánì gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní P08 (kí ẹnì kan má sì wá sọ fún mi pé 1908 ni wọ́n ṣe tiẹ̀ o). Àwọn tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ogun, ọdọọdún ni nọ́ńbà wọn ń padà sí 1. Wọ́n á kà á dé nǹkan bíi 10,000, tí iṣẹ́ ọdún yẹn ò bá tíì tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti 1, wọ́n á wá fi lẹ́tà a kékeré sí i, ìyẹn tún tán, ó di b, ó di c, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún tuntun dé, ó tún di 1 tí ò ní lẹ́tà kankan.

Ẹ rántí rẹ́jísítà ilé ìwé. Nọ́ńbà 12 wà ní Primary 3 lọ́dún 1994, nọ́ńbà 12 míì tún wà níbẹ̀ lọ́dún 1995, Primary 3B náà sì ní nọ́ńbà 12 tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọmọ kan náà ni tàbí pé nọ́ńbà 12 ṣàgbà nọ́ńbà 30. Bẹ́ẹ̀ náà ni Luger 4321 ṣe lè wà tí ilé iṣẹ́ DWM ṣe ní Berlin lọ́dún 1916, kí òmíì wà tó jẹ́ ti 1917, kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Erfurt náà ní tiẹ̀, torí òun náà ń dá kà ni. Ẹnì kan á wá gbé èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 87 jáde, á máa fọ́n, á ní ìkẹtàdínláàádọ́rùn-ún tí wọ́n ṣe láyé nìyí, owó gọbọi ni, tó sì lè jẹ́ pé ọdún 1917 ni wọ́n ṣe é, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀ ti jáde ṣáájú. Lẹ́tà kékeré yẹn àti ọdún tó wà lókè ló máa sọ̀rọ̀. Téèyàn bá ka nọ́ńbà tí ò ka lẹ́tà, kò tíì kà nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 42 ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àdéhùn Versailles ti 1919 dí Jámánì lọ́wọ́ lórí ìbọn ṣíṣe, torí náà nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1934, wọn ò fẹ́ kí aráyé mọ ẹni tó ń ṣe é tàbí ìgbà tó ṣe é. Ilé iṣẹ́ Mauser tó wà nílùú Oberndorf gba kóòdù S/42, wọ́n ń lù ú mọ́ orí ìsẹ́po tó máa ń ká sókè bí orúnkún tí ìbọn yẹn bá yìn. Ọdún náà wọ́n fi lẹ́tà bò ó, K ni 1934, G ni 1935. Láti 1936 wọ́n ṣíjú ẹ̀, wọ́n ń kọ ọdún gbangba. Ó tún yá, S/42 di 42 lásán, tó fi wá di 1941 tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí byf. Nítorí náà, 42 tí wọ́n fi tajà fún ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ Mauser ni wọ́n kà fún un.

Ẹ ò tíì rí nǹkan o. Ní 1941 yẹn náà ni wọ́n gé ọdún kúrú, dípò 1941 wọ́n ń lu 41. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìbọn wá wà tí orúnkún ẹ̀ jẹ́ byf, tí òkè ibi tí ọta ń wọ̀ sí jẹ́ 42, èyí yìí sì ni 1942 lóòótọ́! 42 kan náà o. Tó bá wà lórí orúnkún, ilé iṣẹ́ ni, tó bá sún síwájú bí ìka díẹ̀ sórí ibi ọta, ọdún ni. Mo mọ̀ pé ó ń pani lẹ́rìn-ín, èmi náà kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ nọ́ńbà méjì-méjì tó wà lára àwọn èlò kéékèèké rí. Tí nọ́ńbà Luger bá jẹ́ 6739, ẹ máa bá 39 lára oríṣiríṣi irin kéékèèké inú ẹ̀, kí wọ́n má bàa kó ti ìbọn kan mọ́ òmíì ni wọ́n ṣe lù ú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ á rí 39 níbí, 39 lọ́hùn-ún, á búra pé 1939 ni. Òmíì tún wà tí ẹ máa rí ọdún méjì lórí ẹ̀, 1917 nísàlẹ̀, 1920 lókè. Àwọn ọmọ ogun ìjọba tuntun ló lu 1920 mọ́ ọn pé tiwọn ni, wọn ò ṣe é lọ́dún yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fi Jámánì sílẹ̀, tí ẹ dé ọ̀dọ̀ Colt M1911 Amẹ́ríkà, tí John Browning yà, tí ṣọ́jà wọn gbà ní March 1911, ibẹ̀ nọ́ńbà kì í padà sí 1 lọ́dọọdún, ó ń lọ síwájú ni, ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ní ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n, èyí rọrùn. Ó rọrùn níbo? Colt nọ́ńbà 500, ọdún 1912 ni wọ́n ṣe é. Àmọ́ nígbà tí ogun àkọ́kọ́ gbóná, wọ́n gbéṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Remington-UMC náà, àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ látorí 1 tiwọn, wọ́n kà á dé 21,676. Remington-UMC nọ́ńbà 500, 1918 nìyẹn. Nọ́ńbà kan náà, ọdún mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Nígbà ogun kejì, wọ́n pín nọ́ńbà fún àwọn ilé iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà ìbọn tí nọ́ńbà ẹ̀ pọ̀ lè ṣáájú èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré. Singer wà lára wọn, àní Singer ẹ̀rọ ìránṣọ táwọn ìyá wa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ni wọ́n ṣe ní 1941, S800001 dé S800500. Ẹni tí ò mọ̀ á wo ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin yẹn, á ní ó ti pọ̀ jù, kò lówó lórí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an làwọn olówó ń wá lójú méjèèjì.

Èyí tó lè kó èèyàn sí wàhálà ni ọdún tó wà lára slide Colt yẹn, ìyẹn irin òkè tó máa ń sún sẹ́yìn tí ìbọn bá yìn. April 20, 1897 ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà 1902, 1905, 1911. Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọba ni gbogbo ẹ̀, bí ìgbà téèyàn rí "A dá a sílẹ̀ 1897" lára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lésìí, tó wá ní 1897 ni wọ́n da dẹ́kìn ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó léwu ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú ẹ̀ sí ti àtijọ́, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìlànà. Ẹni tó bá ka 1897 yẹn, tó tà á bí ìbọn àtijọ́ láì kọ nǹkan kan sílẹ̀, ọwọ́ òfin lè tẹ̀ ẹ́. Slide yẹn gan-an sì lè má jẹ́ tiẹ̀ o, torí ara férémù, ìyẹn egungun ìbọn tó wà nísàlẹ̀, ni nọ́ńbà wà, ibi tí ìjọba ti ń tún wọn ṣe, èyí tó bá ti bá a mu ni wọ́n ń dé lé e.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi tán, inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, torí 1940 náà ò burú. Lọ́jọ́ kejì fọ́tò míì wọlé, Walther P38. Ó ní, "Èyí ò ní àríyànjiyàn, 38 ló wà lára ẹ̀." Mo ní ẹ̀gbọ́n, ọdún tí wọ́n gbà á fún ọmọ ogun nìyẹn, ẹ sún un mọ́ra, lẹ́tà wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Ó ní "cyq." Ha. Kóòdù Spreewerk nìyẹn, ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe P38, 1942 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, wọn ò sì kọ ọdún sára ẹyọ kan rí. Ó ti kà á, àmì búlúù méjèèjì ti yọ, kò tíì fèsì.