Bí Ọjọ́ Ìrántí Vukovar àti Škabrnja Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Gbogbo ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní Kroatíà, ṣùgbọ́n ìsinmi ọ̀fọ̀ ni. Ibi méjì ni wọ́n fi sọ ọjọ́ náà: Vukovar, ìlú etí odò Danube ní ìlà-oòrùn, àti Škabrnja, abúlé àgbẹ̀ nítòsí Zadar. Wọ́n jìnnà síra wọn gan-an, àmọ́ ọjọ́ kan náà logun kó wọn, nígbà tí Kroatíà ń jà láti yapa kúrò lára Yugosláfíà.

Ọjọ́ 87 ni àwọn ọmọ ogun Yugosláfíà àtàwọn Sérbù tó gbé ìbọn fi dó ti Vukovar kó tó ṣubú ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1991. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni òjò ọta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lu Škabrnja. Àwọn ará abúlé ti sá lọ tẹ́lẹ̀. Àdéhùn pé kí ìjà dáwọ́ dúró, tí wọ́n ṣe níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, ló mú wọn padà wálé. Ìdí nìyẹn tí arúgbó fi pọ̀ nínú ilé nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn ọmọ ogun Yugosláfíà wọlé, pẹ̀lú àwọn Sérbù àdúgbò tó gbé ìbọn. Àwọn èèyàn kó sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó gbógun wá ní kí wọ́n jáde, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn kan lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pa èèyàn méje ní Nadin tó wà nítòsí. Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní Hague rán Milan Martić, ọ̀kan lára olórí àwọn Sérbù náà, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 35. Škabrnja àti Nadin wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a lẹ́bi.

Oṣù Kìíní ọdún 1998 ni Vukovar padà sábẹ́ Kroatíà láìjà. Lọ́dún yẹn, wọ́n hú òkú 938 jáde nínú sàréè ńlá kan ní ibi ìsìnkú tuntun. Àgbélébùú funfun 938 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní ọdún 1999, ilé aṣòfin, Sabor, ya ọjọ́ 18 sọ́tọ̀ fún Vukovar nìkan. Àwọn ará Škabrnja ń ṣe Mísà tiwọn, wọ́n ń lọ sí ibojì èèyàn wọn. Ó yẹ kí orúkọ abúlé wọn ti wà nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ọjọ́ náà ṣe ń lọ rèé. Òpópónà tó ń jẹ́ Vukovarska wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ń to àbẹ́là sí. Ní Vukovar, àgbàlá ọsibítù ni Ìwọ́de Ìrántí ti ń gbéra, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn èèyàn tó tó igba ní ọjọ́ 20, àwọn tó fara gbọgbẹ́ wà lára wọn, tí wọ́n sì lọ pa wọ́n lóko Ovčara. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á rin nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ààbọ̀ dé ibi ìsìnkú.

Kì í fìgbà gbogbo lọ wẹ́rẹ́. Lọ́dún 2013, ìjọba gbé àkọlé elédè méjì sára ọ́fíìsì ní Vukovar, ọ̀kan ní lẹ́tà Kírílì tí àwọn Sérbù fi ń kọ èdè wọn, nítorí òfin fún èdè yẹn láyè níbi tí àwọn Sérbù bá ti tó ìdámẹ́ta ará ìlú. Inú bí àwọn tó jagun gbèjà ìlú. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí pé, wọ́n dínà mọ́ ààrẹ àti olórí ìjọba, ìwọ́de sì pín sí méjì.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni òfin fi Škabrnja kún un, tó sì sọ ọjọ́ náà di ìsinmi. Kí àyè lè wà, ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá di ọjọ́ iṣẹ́. Ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Apá méjì ni orúkọ ọjọ́ náà lódindi ní: apá kejì jẹ́ ti Vukovar àti Škabrnja, apá kìíní sì jẹ́ ti gbogbo àwọn tí ogun pa. Abẹ́ rẹ̀ ni Lovas wà, abúlé tí wọ́n ti kó nǹkan bí àádọ́ta ọkùnrin lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1991, tí wọ́n ní kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ gbá koríko nínú pápá tí wọ́n ri bọ́ǹbù sí. Èèyàn 21 kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Lovas ṣì ń ṣe ìrántí tirẹ̀, oṣù kan ṣáájú ti Vukovar.