Omi tí a ń fi wá ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti ya

Lọ́dún 1723, ní Nẹ́dálándì, Baron van Wassenaer, ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi, jẹun yó, ó lo oògùn tó ń múni bì. Ibi tó ti ń fipá bì ni nǹkan ti já láyà rẹ̀. Kò lò tó ọjọ́ kan lẹ́yìn náà. Nígbà tí dókítà Herman Boerhaave la òkú rẹ̀, òórùn pẹ́pẹ́yẹ tó jẹ ń jáde látinú àyà. Ọ̀nà ọ̀fun ti ya, oúnjẹ ti dà síta. Láyé ìgbà yẹn, ó dìgbà téèyàn bá kú kí wọ́n tó rí i.

X-ray dé lọ́dún 1895, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kì í hàn nínú rẹ̀ bí egungun. Lọ́dún 1896, Walter Cannon, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Harvard, fún ẹyẹ gúùsì kan ní bismuth, ìyẹ̀fun mẹ́táàlì kan tó máa ń hàn nínú X-ray, gbé mì, ó ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn gígùn ẹyẹ náà. Àwọn èèyàn pẹ̀lú wá ń mu bismuth, títí ó fi hàn pé irú kan nínú rẹ̀ lè di májèlé. Ní nǹkan bí 1910, àwọn ará Jámánì fi barium sulphate rọ́pò rẹ̀: ó funfun bí ẹfun, ó ki bí ẹ̀kọ mímu, kì í yòrò, kì í sì í wọ ẹ̀jẹ̀.

Àìyòrò yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ tí ọ̀fun bá ya. Barium tó bá jò sínú àyà, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, ara á máa bá a jà, ibẹ̀ á wú. Ohun tó gbé Gastrografin wá nìyẹn ní àwọn ọdún 1950: omi oníáyódìn ni, ara ń fà á, kíndìnrín ń tọ̀ ọ́ dànù. Àmọ́ agbára tó fi ń fa omi ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Tó bá ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró, á fa omi ara kún un, mímí á dogun.

Torsten Almén, dókítà onífọ́tò X-ray ní Sweden, ló tú kókó yẹn. Ó rántí pé òkun ìwọ̀ oòrùn máa ń ta òun lójú tóun bá ń wẹ̀, omi òkun Baltic tí iyọ̀ rẹ̀ kéré kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá ronú pé omi oníáyódìn tí agbára ìfàmi rẹ̀ bá kéré kò ní pa ara lára tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Nyegaard ní Norway gba èrò rẹ̀ ṣe. Iohexol, ọ̀kan lára irú omi oníáyódìn bẹ́ẹ̀, jáde lọ́dún 1982.

Síbẹ̀, barium kò kúrò nílé. Ihò kékeré tí omi oníáyódìn bá fò dá, barium ló ń rí i, nítorí náà òun ló ń tẹ̀ lé e bí ti àkọ́kọ́ kò bá fi nǹkan hàn. Nítorí pé ẹni tí omi máa ń pá lórí lè ṣì í gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró, ká tó ṣí ìgò kankan, a ó kọ́kọ́ bi aláìsàn: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé omi máa ń pá yín lórí tẹ́ ẹ bá ń mu ún?”