Ta Ló Buwọ́ Lu Àwòrán Òṣèré Kabuki Yín?

Ó tún dé. Ọ̀rẹ́ mi kan ra àwòrán àtijọ́ ti òṣèré Kabuki, ìyẹn eré orí ìtàgé àwọn ará Japan, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní: "Wò ó, Toyokuni, ayàwòrán ńlá nì, fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí etí mi fi kún.

Kò sẹ́ni tó buwọ́ lu nǹkan kan. Pákó tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán yìí. Ayàwòrán á ya tirẹ̀ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, agbẹ́gi á lẹ̀ ẹ́ dojú dé pákó, á sì gbẹ́ ẹ tòun torúkọ. Ọ̀tọ̀ lẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀tọ̀ ni oníṣòwò tó náwó sí i. Ẹni tó bá tún un gbẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà á gbẹ́ orúkọ yẹn pẹ̀lú, á sì gbẹ́ òǹtẹ̀ àyẹ̀wò ìjọba mọ́ ọn. Èyí ò le.

Èyí tí kì í wọ̀ wọ́n létí ni pé, Toyokuni wo? Orúkọ yẹn ń rìn bí oyè ni. Toyokuni kìíní kú ní 1825, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Toyoshige, sì gba orúkọ náà. Ní 1844, Kunisada, tóun náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ní òun ni Toyokuni. Ó tiẹ̀ ń kọ ọ́ pé òun ni ìkejì, bí ẹni pé Toyoshige ò gbé ayé rí. Àwa là ń pè é ní ìkẹta lónìí. Ó lo orúkọ náà fún bí ogún ọdún, àwòrán tó sì gbé jáde pọ̀ bí eṣú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Toyokuni lọ́jà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tirẹ̀ ju ti ọ̀gá lọ. Àwọn òṣèré náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: Ichikawa Danjuro ti di ìkẹtàlá báyìí.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Òǹtẹ̀ róbótó kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀, ti àwọn alábòójútó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín 1847 sí 1852 ni wọ́n ń tẹ méjì bẹ́ẹ̀ láìfi òǹtẹ̀ tó ń sọ oṣù kún un. Toyokuni kìíní ti wà nínú sàréè láti ogún ọdún ó lé. Ó wá ń dun ọ̀rẹ́ mi pé orúkọ òṣèré ò sí lára àwòrán náà. Àbùkù kọ́ nìyẹn: ní 1842 ìjọba fòfin de àwòrán òṣèré, nígbà tí wọ́n sì padà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi kọ orúkọ òṣèré sí i. Ojú ni àwọn èrò ìworan fi ń dá wọn mọ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí Danjuro kẹjọ kú lójijì ní Osaka ní 1854, wọ́n sáré tẹ àwòrán ìdárò rẹ̀ lóríṣiríṣi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní orúkọ ayàwòrán, wọn ò ní òǹtẹ̀. Ojúlówó ni wọ́n. Ẹni tó ń fi orúkọ díwọ̀n á pè wọ́n ní ayédèrú.

Kí wá ni ká wò? Ẹ yí i padà. Ọ̀dà máa ń là dé ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ti fọwọ́ ra bébà náà mọ́ pákó sì máa ń hàn. Ǹ bá ní ìyẹn dájú, àmọ́ ọwọ́ náà ni wọ́n fi tẹ ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀. Ó sàn kẹ́ ẹ fi wé ẹ̀dà tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí nípa eré orí ìtàgé ti Yunifásítì Waseda ní Tokyo gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wo ibi tí ìlà ti já: bó bá já síbi kan náà, ó jọ pé pákó kan náà ni. Ó jọ ọ́ ni mo wí o.

Bí òǹtajà ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ má ra èyí tí wọ́n lẹ̀ pa mọ́ páálí. Ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń wọ̀, torí àwọ̀ ìgbà yẹn, pàápàá pọ́pù, tètè ń ṣá.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Kunisada, pé kó yọ ọ́ nínú férémù ká rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò tíì yọ ọ́. Ó wà ní pálọ̀ rẹ̀, ó dojú kọ fèrèsé.