Pàṣípààrọ̀ owó fún arìnrìn-àjò láti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà sí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà

Iye pàṣípààrọ̀ ni iye tí owó orílẹ̀-èdè kan fi ń gba ti òmíràn. Òun ló ń sọ bí ẹni tó gbéra ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà lọ sí Kùtọnu, Lómé tàbí Àkrà yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, irú yàrá tí yóò sùn sí, àti ẹrù tí yóò lè rà bọ̀. Èyí tí wọ́n ń kà nínú ìròyìn kọ́ ni arìnrìn-àjò ń bá pàdé lójú ọ̀nà. Iye méjì ló kàn án: èyí tí onípàṣípààrọ̀ fi ta owó fún un nígbà tó ń lọ, àti èyí tó fi ra ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀.

Ìrìn-àjò yìí kò ṣàjèjì sí ará Ifẹ̀. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní Bẹ̀nẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì ń pè ní orírun. Ní Tógò, àwọn Aná tó wà ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀ ń pe ara wọn àti èdè wọn ní Ifẹ̀. Èdè lè má di ẹni tó ń lọ sí Kétu lọ́wọ́ rárá, ṣùgbọ́n tó bá na náírà sí oníṣòwò, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà: Ìbàdàn sí Èkó, kí wọ́n gba Sẹ̀mẹ̀ bọ́ sí Kùtọnu, tàbí Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, kí wọ́n gba Ìdírókò bọ́ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà láyè láti dúró fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá pé.

Sẹ́fà

Owó kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, fáráǹkì CFA, tí àwọn ará ọjà ń pè ní sẹ́fà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná an, báńkì àgbà tí wọ́n jọ ní, BCEAO, sì wà ní Dakar. Owó bébà rẹ̀ jẹ́ 500, 1,000, 2,000, 5,000 àti 10,000. Ẹgbẹ̀rún kan pupa, 2,000 jẹ́ búlúù, 5,000 jẹ́ àwọ̀ ewé, 10,000 sì jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Lẹ́tà kan wà lára bébà kọ̀ọ̀kan tó ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún: B ni Bẹ̀nẹ̀, T ni Tógò, A ni Côte d'Ivoire, K ni Sẹ̀nẹ̀gàl. Lẹ́tà yòówù kó jẹ́, wọ́n ń ná an káàkiri àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sì sí ìdí láti gbà kí ẹnikẹ́ni dín iye rẹ̀ kù nítorí lẹ́tà.

Èyí tó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra fún ni sẹ́fà ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí wọ́n ń ná ní Kamẹrúùnù, Gàbọ́ọ̀nù àti àwọn tó yí wọn ká. Iye rẹ̀ sí yúrò bá ti ìwọ̀-oòrùn mu, orúkọ wọn sì jọra, síbẹ̀ wọn kì í gbà á lọ́jà Kùtọnu. Orúkọ báńkì tó wà lójú bébà la fi ń dá a mọ̀: ti ìwọ̀-oòrùn parí sí «Afrique de l'Ouest», ti ibòmíràn sí «Afrique Centrale».

Ọdún 1945 ni Faransé dá owó yìí sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994 wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì: fáráǹkì Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀ di 100. Láti ìgbà tí yúrò ti dé ní 1999, 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, kò sì tíì yí padà. Ìdí nìyí tí iye oúnjẹ àti yàrá ní Kùtọnu kì í fi í sábà fò sókè lójijì. Náírà tó wà lápò ará Ifẹ̀ ló ń yí.

Àwọn tó ń wo dọ́là nìkan máa ń ṣìnà níbí. Kí a ní dọ́là kan dúró sí 1,500 náírà láìmì fún oṣù mẹ́fà. Bí yúrò bá jẹ́ dọ́là 1.05 ní ìbẹ̀rẹ̀, 1,575 náírà ni yúrò kan, 1,000 sẹ́fà sì jẹ́ nǹkan bíi 2,401 náírà. Bí yúrò bá gòkè dé dọ́là 1.15, ó di 1,725 náírà, 1,000 sẹ́fà sì di nǹkan bíi 2,630. Náírà kò já wálẹ̀ lójú dọ́là, síbẹ̀ Kùtọnu ti wọ́n sí i. Nítorí náà yúrò ni kí ẹni tó ń múra ìrìn-àjò sí Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò máa wò.

Ìṣirò

Ìṣirò kan ṣoṣo ló ń gba arìnrìn-àjò lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ pè é lówó gọbọi. Ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà jẹ́ yúrò 1.5245. Kí ó wá iye tí yúrò ń lọ lọ́jọ́ náà lójà, kí ó fi 1.5245 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí yúrò bá jẹ́ 1,700 náírà, 1,000 sẹ́fà gbọ́dọ̀ wà ní ìtòsí 2,592 náírà. Onípàṣípààrọ̀ yóò fi èrè tirẹ̀ lé e, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe 2,900 ti kọjá èrè.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pe iye ní ibodè, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹnìkan á ní 1,000 sẹ́fà jẹ́ 2,600 náírà. Òmíràn á ní 1,000 náírà jẹ́ 385 sẹ́fà. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ. Ní ìpè àkọ́kọ́, bí nọ́ńbà bá ṣe ń gòkè ni ẹni tó mú náírà lọ́wọ́ ń pàdánù; ní ìpè kejì, bí ó bá ṣe ń gòkè ni ó ń jèrè. Kí ènìyàn kọ́kọ́ bi í pé: «Mo ní 100,000 náírà lọ́wọ́, èló ni ẹ máa kà fún mi?» Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò ṣeé yí.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, sẹ́fà ni kí wọ́n fi ṣètò owó ìrìn-àjò, kì í ṣe náírà. Àpẹẹrẹ rèé: yàrá fún òru mẹ́ta ní 15,000 sẹ́fà lálẹ́ kan jẹ́ 45,000, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, 15,000, ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémi lọ́hùn-ún, 9,000, ọkọ̀ láti ibodè lọ àti bọ̀, 6,000. Àpapọ̀ jẹ́ 75,000. Kí wọ́n fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún àìròtẹ́lẹ̀, ó di 82,500 sẹ́fà. Bí 1,000 sẹ́fà bá jẹ́ 2,600 náírà, 214,500 náírà ni. Bí ó bá gòkè sí 2,860 kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, ó di 235,950. Ẹni tó ti kó 214,500 pamọ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn yóò rí i pé owó àìròtẹ́lẹ̀ ti tán lórí pàṣípààrọ̀ kí ó tó wọkọ̀. Fún ìrìn-àjò tí ọjọ́ rẹ̀ ti dájú, ó sàn kí wọ́n máa ra sẹ́fà díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ju kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ dúró de ọjọ́ kan lọ.

Ìyàtọ̀ láàárín rírà àti títà náà ń jẹ owó. Onípàṣípààrọ̀ tó ń ta 1,000 sẹ́fà ní 2,600 náírà lè máa rà á ní 2,500. Ẹni tó ra 20,000 sẹ́fà jù ohun tó nílò lọ san 52,000 náírà. Nígbà tó bá tà á padà, 50,000 ni yóò gbà. Bí ó bá tún gba inú dọ́là kọjá, kí ó fi náírà ra dọ́là nílé, kí ó fi dọ́là ra sẹ́fà ní Kùtọnu, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jèrè lórí rẹ̀. Bí a bá pàdánù ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó jẹ́ 100,000 náírà yóò ku 92,160. Ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, dọ́là ni ènìyàn ń tètè rí ju sẹ́fà lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ko àdánù yìí láìmọ̀. Ibodè Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdírókò ni sẹ́fà ti pọ̀.

Ní ibodè

Kí ènìyàn bi onípàṣípààrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó mú owó jáde. Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á ka owó fún un, yóò pé. Wọ́n á ní kí ó dá a padà kí àwọn tún un kà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fa bébà díẹ̀ yọ. Owó tí ènìyàn bá ti kà tó pé kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá kúrò pẹ́nrẹ́n, kí ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bébà tó ya tàbí tó ti gbó jù, kí wọ́n dá a padà lójú ẹsẹ̀, nítorí oníṣòwò lọ́hùn-ún lè kọ̀ ọ́.

Kí wọ́n bèèrè fún 500 àti 1,000, nítorí onízémi kì í sábà ní ṣéńjì fún 10,000. Owó onírin, láti 5 títí dé 500, kì í ṣeé ṣẹ́ padà sí náírà. Omi àti zémi ni kí wọ́n fi ná an tán kí wọ́n tó dé ibodè.

Náírà fúnra rẹ̀ ń gba ààyè. Bébà 1,000, tó jáde ní 2005, ni ó ga jù títí di òní, nítorí náà 214,500 náírà ju ìdì méjì lọ, nígbà tí 82,500 sẹ́fà lè jẹ́ bébà 10,000 mẹ́jọ àti díẹ̀. Àwọn baba wa mọ ìnira yìí nígbà owó ẹyọ: ọ̀kẹ́ kan, tó jẹ́ 20,000 ẹyọ, jẹ́ ẹrù orí fún ènìyàn kan. Owó tó bá wú lápò báyìí máa ń hàn sí olè, ẹ̀rí sì ni fún àǹfààní ríra sẹ́fà ní kété tí wọ́n bá ti dé ibodè.

Ẹni tó bá gbé owó òkèèrè tó ju 10,000 dọ́là lọ tàbí iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún aṣọ́bodè Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí òfin ti 2022 lórí fífi owó àìtọ́ pamọ́ ti wí.

Báńkì àti káàdì

Owó ìrìn-àjò tí báńkì ń ta ní iye ìjọba kò ju 4,000 dọ́là lọ láàárín oṣù mẹ́ta fún ẹnìkan, ó sì ń béèrè ìwé ìrìnnà, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀ kì í ní méjì tó gbẹ̀yìn, nítorí náà kì í sábà ṣe é lóore. Ní oṣù kejì ọdún 2024 Báńkì Àgbà Nàìjíríà ní kí wọ́n máa san án sórí káàdì, kì í ṣe lówó bébà. Káàdì náírà náà kò ṣeé gbọ́kàn lé pátápátá: láti ìparí 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti dá a dúró fún òkèèrè, àwọn kan sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Kí ènìyàn bi báńkì rẹ̀ kí ó tó gbéra.

Gánà

Sídì yàtọ̀ sí sẹ́fà, nítorí kò so mọ́ owó kankan. Ní oṣù keje ọdún 2007 ni Gánà gé òdo mẹ́rin kúrò: 10,000 sídì àtijọ́ di 1 tuntun. Láàárín oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ọdún 2025, sídì gòkè láti bíi 15 sí dọ́là kan títí dé bíi 10. Bí dọ́là bá dúró sí 1,600 náírà, yàrá 300 sídì tó jẹ́ 32,000 náírà di 48,000 láìjẹ́ pé onílé ìtura fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹni tó gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí Àkrà ń kọjá Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Sẹ́fà tó tó fún ọkọ̀ àti oúnjẹ lójú ọ̀nà nìkan ni kó rà, kó ṣẹ́ ìyókù sí sídì ní Aflao, ìlú Gánà tó wà ní ibodè Tógò.

Ipa lórí ẹ̀kọ́ àti àlejò

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 ni ìjọba jẹ́ kí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wá iye tirẹ̀ lójà, ó sì já wálẹ̀ gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ní yunifásítì Nàìjíríà máa ń lọ gbé Lómé fún ìmọ̀ èdè nígbà náà. Nígbà tí owó rẹ̀ kò ṣeé rù mọ́, Nàìjíríà dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, Badagry, ní 1991, kí wọ́n lè kọ́ ọ nílé.

Ohun tó ń dín agbára ará Ifẹ̀ kù ní Kùtọnu ń fi kún ti àlejò tó ń bọ̀ wá. Lẹ́yìn tí Báńkì Àgbà tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là gòkè láti bíi 470 náírà kọjá 1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó gbé sẹ́fà wá láti Kétu tàbí Atakpamé fún Ọlọ́jọ́ ń gba náírà tó pọ̀ gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí iye sẹ́fà kan náà. Bí ó bá ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ ní ibodè tó sì kù sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni yóò fi náírà tó kù ra sẹ́fà ní iye tó wọ́n jù nígbà tó bá ń padà.