Ìrora Ìgbáròkó Tí Kò Lọ Lára Àgbàlagbà

Bí ìrora bá ti wà ní ìgbáròkó ju oṣù 3 lọ, àwọn oníṣègùn a máa kà á sí ìrora tó ti di bárakú. Ní Kábà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà àti káàkiri ilẹ̀ Okun, lákúrègbé ni a sábà máa ń pè é, oògùn kan náà ni a sì máa ń rà fún gbogbo ẹni tó bá ní i. Ibẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú ti ń ṣìnà, nítorí pé ó kéré tán, ohun 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè máa dun àgbàlagbà ní sàkání yìí, ohun tó sì tu ọ̀kan lára lè má ṣe òmíràn ní àǹfààní kankan.

Oríkèé ìgbáròkó ni ibi tí eegun itan ti wọ inú eegun ìdí. Orí eegun itan rí roboto bí orí ọmọ odó, ó sì jókòó sínú ihò kan tó kòtò bí inú odó. Awọ yíyọ̀ kan bo méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Oríkèé yìí jìn sínú ara, abẹ́ ẹran tó nípọn ló wà, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ kàn án láti òde. Egungun líle tí ọwọ́ ń bà ní ẹ̀gbẹ́ ìdí, níbi tí àpò ṣòkòtò máa ń wà, kì í ṣe oríkèé náà rárá. Òkè eegun itan ló yọ síta bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ sì ni iṣan àwọn ẹran ìdí, ìyẹn okùn líle tó ń so ẹran pọ̀ mọ́ eegun, so mọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọmọ bi òbí rẹ̀ rọrùn: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn yín." Bí ìka bá lọ sí iwájú, níbi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé inú oríkèé gan-an ni ìṣòro wà, pé awọ yíyọ̀ yẹn ti ń jẹ. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa gan bó bá jí láàárọ̀, a sì máa nà lẹ́yìn nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Gígé èékánná ẹsẹ̀ a di iṣẹ́ ńlá fún un, gbígbé ẹsẹ̀ sọdá ìjókòó ọ̀kadà tó ń gbé e bọ̀ láti oko a sì máa bà á lẹ́rù. Nígbà mìíràn, orúnkún nìkan ni yóò sọ pé ó ń dun òun, wọn yóò sì máa fi ìpara ra orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ìka bá lọ sí ẹ̀yìn, sínú ẹran ìdí, tí ìrora náà sì ń ṣàn kọjá orúnkún lọ sísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń ta tàbí tó ń kú, eegun ẹ̀yìn ni kí a yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni, lórí egungun tó yọ síta yẹn, tí kò sì jẹ́ kí ènìyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn lóru, ó sábà máa ń jẹ́ iṣan.

Ti iṣan yìí ni ó yẹ kí n dúró lé lórí, nítorí òun ni a ń ṣì mọ̀ jù. Ó ń yọ obìnrin lẹ́nu ju ọkùnrin lọ, pàápàá láti nǹkan bí ẹni 40 ọdún sókè. Iṣẹ́ àwọn iṣan wọ̀nyí ni láti má ṣe jẹ́ kí ìdí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá wà nílẹ̀ tí èkejì wà lókè, ìyẹn ní gbogbo ìṣísẹ̀ tí a bá gbé. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ tí ẹran ìdí sì ń rọ, iṣan kì í lè gba ẹrù tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn dókítà ayé àtijọ́ gbà pé àpò omi kékeré tó wà láàárín iṣan àti egungun ló wú. Àwòrán òde òní ti fi hàn pé iṣan fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ní àbùkù. Ohun tó ń dá kún un ni kí itan máa tẹ̀ sọdá sí ìhà kejì, nítorí nígbà náà ni egungun máa ń tẹ iṣan náà. Bó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga, tàbí tí a bá fara ti ẹsẹ̀ kan níbi tí a ti ń dúró ra ọjà, tàbí tí màmá bá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí ìbàdí kan fún ìgbà pípẹ́. N kò ní sọ pé kí wọ́n má gbé ọmọ o. Kí wọ́n pọ̀n ọ́n sàn ju kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Lóru ńkọ́? Ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn sùn ń tẹ̀ ẹ́ ní tààrà. Ẹni tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n tí orúnkún òkè rẹ̀ wó síwájú sórí ibùsùn, ń fa iṣan náà. Ìrọ̀rí kan láàárín orúnkún méjèèjì máa ń mú kí oorun dára sí i.

Ìsinmi nìkan kì í wò ó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde nínú ìwé ìṣègùn BMJ ní ọdún 2018, pín àwọn tó ní irú ìrora yìí sí ọ̀nà 3. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, nínú 66 tí wọ́n kọ́ ní bí wọn yóò ṣe máa lo ara wọn tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá, 51 ló sọ pé ara àwọn ti dá ṣáṣá sí i; nínú 65 tó gba abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú wíwú àti ìrora rọlẹ̀, 38 ni; nínú 68 tí wọ́n ní kí wọ́n máa wò ó níran, 20 péré ni. Eré ìdárayá náà kì í ṣe ti ọ̀dọ́mọdé: kí ènìyàn fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún, kí ó sì rọra gbé ìdí sókè, kí ó máa dìde lórí àga gíga láìfi ọwọ́ ti ara, kí ó di ògiri mú, kí ó máa gbé ẹsẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ṣàǹfààní fún oríkèé tó ń jẹ pẹ̀lú. Bí ó bá dùn díẹ̀ lákòókò náà, kò burú. Bí ó bá burú sí i di ọjọ́ kejì, kí a dín in kù. Ẹni tí iwájú ń dùn ní láti fi àpótí kékeré tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, kí ó wá àga tó ga jù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá ń rìn, ẹrù tó ń wà lórí oríkèé ìgbáròkó tó ìlọ́po 2 sí 3 ìwúwo ara wa, torí pé ẹran ìdí ní láti fà gan-an kí a má baà ṣubú. Ọ̀pá ń dín ẹrù yìí kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ òdìkejì ni a fi ń dì í mú: bí ìgbáròkó ọ̀tún bá ń dùn, ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń ṣe é lódì. Kí orí ọ̀pá bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba nígbà tí a bá dúró nínú bàtà wa.

Ní ti oògùn, èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni hóró oríṣiríṣi tí a ń dì pọ̀ sínú ọ̀rá kan láìsí orúkọ lára rẹ̀. Dexamethasone, tó jẹ́ irú steroid kan, máa ń wà nínú òmíràn. Òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá gòkè, ó lè sọ eegun di ẹlẹgẹ́, ó sì lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró ní orí eegun itan kí ó kú, tí oríkèé tí a ń tọ́jú yóò fi bàjẹ́ pátápátá. Diclofenac àti ibuprofen lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n sì lè ṣe kíndìnrín àgbàlagbà ní jàǹbá. Paracetamol kò lágbára púpọ̀, ewu rẹ̀ sì kéré bí kò bá ju hóró 8 ti 500 mg lọ ní wákàtí 24; kí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá lo kéré sí bẹ́ẹ̀.

Bí àgbàlagbà bá ṣubú, tí kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ mọ́, tí ẹsẹ̀ kúrú ju èkejì lọ tó sì yí síta, eegun ló ṣẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fà á tàbí wọ́ ọ. Bákan náà ni ti ìrora tí ibà bá bá a rìn.

Fún oríkèé tó ti jẹ tán, iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ wà. John Charnley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fìdí irú èyí tí a mọ̀ lónìí múlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1962. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í wo ìrora iṣan ẹ̀gbẹ́ tàbí ti eegun ẹ̀yìn. X-ray sì lè fi oríkèé tó ti jẹ hàn lára ẹni tí nǹkan kan kò dùn, nítorí náà, kí a tó gbà pé oríkèé ni, ó tọ́ kí dókítà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹsẹ̀ náà sínú, kí ó sì rí i pé ìrora iwájú yẹn gan-an ló jí.